Orúkọ Ṣadé Nínú Kọ̀ǹpútà Kẹta

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú mi rí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Mo ní kafé kọ̀ǹpútà ní Ìkòsì. Ṣadé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, máa ń wá síbẹ̀ wá ṣe géèmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Adìẹ á máa yé ẹyin látòkè, èèyàn á máa fi agbọ̀n gbà á. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbà bíi tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti iye ẹyin tó gbà ló wà lókè pátápátá nínú kọ̀ǹpútà kẹta.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, àdúgbò ò pe ìyá rẹ̀ ní Mummy Ṣadé mọ́. Wọ́n yí i sí Mummy Bísí, orúkọ àbúrò Ṣadé, kí wọ́n má baà máa rán an létí. Obìnrin náà wá bá mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́, pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí ọmọ òun ti wà lókè. Mo ṣèlérí fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà mọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ igbe adìẹ nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣí géèmù. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, tòun ti orúkọ Ṣadé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pa Flash tì, èyí tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìyẹn bojú. Mo sọ fún ìyá Ṣadé pé àwọn òyìnbó ló tilẹ̀kùn, pé orúkọ Ṣadé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́, ó tún dúpẹ́.

Lọ́dún yìí, ẹnì kan ní Ifákọ̀ sọ fún un pé àwọn kan ti tọ́jú àwọn géèmù àtijọ́, pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ó sáré wá. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo wá géèmù náà, mo rí i, àmọ́ kò sí orúkọ kankan lókè. Mo jókòó, mo ń gba ẹyin títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tí nọ́ńbà náà ga tó ti Ṣadé tẹ́lẹ̀, mo tẹ orúkọ Ṣadé sí i.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i, kò sunkún. Ó ní, "Uncle, ẹ bá mi pe orúkọ mi."

Mo ní, "Mummy Ṣadé."

"Ẹ tún un pè."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá látìgbà náà. Mo máa ń fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, bó ṣe dìde, mo yọjú wo kọ̀ǹpútà náà. Nọ́ńbà Ṣadé ti ju èyí tí mo fi síbẹ̀ lọ. Orí mi wú.

Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni o, Uncle. Mo ti ń mọ̀ ọ́n gbà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń múra yunifásítì. Ó yẹ kí tiẹ̀ náà máa dàgbà."

Nọ́ńbà tó ń tọ́ dàgbà yẹn, èmi ni mo bí i. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, ó di pé ó tún sin Ṣadé lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá dákẹ́, ohun tí kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé jó.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?