Ìṣó Tí Mo Kàn Sí Bíréèkì Àna Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, dókítà ti sọ òótọ́ fún mi nípa àìsàn yìí, ó wá ku kí èmi náà sọ òótọ́ tèmi kí n tó lọ. Ọkọ àbúrò mi, tí gbogbo yín ń pè ní Rọra, kò sáré lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ pa ìyá àti ọmọ lẹ́sẹ̀ òkè. Èmi ni mo pa wọ́n.

Láínìn tuntun, ìyẹn awọ tó ń fún táyà mú kí ọkọ̀ lè dúró, ni mo ń kàn sí bíréèkì ọkọ̀ náà. Ìṣó idẹ la fi ń kàn án, nítorí idẹ rọ̀ tí kì í fọ́ láínìn, ó sì le tó láti dì í mú nígbà tí bíréèkì bá gbóná. Idẹ tán nínú agolo mi. Ọjà jìn, oòrùn mú, mo sì ya ọ̀lẹ. Ìṣó irin wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí láínìn bá jẹ tán, irin á máa han gooro, gbogbo ayé á sì mọ ẹni tó ṣe é. Ni mo bá mú alumíníọ̀mù, èyí tí kì í pariwo. Ẹ wo ọgbọ́n ìkà.

Nígbà tí Rọra wá gbé ọkọ̀, ó bi mí bóyá idẹ ni. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ẹni tó ń wakọ̀ bí ìgbín fẹ́ fi bíréèkì ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn."

Alumíníọ̀mù kò lè gba ooru bíréèkì tó ń tẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn. Láínìn já. Àwọn ọlọ́pàá wá pè mí pé kí n tú táyà wò, nítorí èmi ni wọ́n mọ̀ sí ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo bá ìṣó mi tó ti já nínú ibẹ̀, mo kó o sápò, mo ní eré àsápajúdé ló ba bíréèkì jẹ́. Rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lójú rẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mú." Mo yíjú kúrò.

Ó lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì kù. Nígbà tó jáde, ó wá bá mi, ó ní bóyá òun sáré lóòótọ́, bóyá òun kàn gbàgbé ni. Èmi tí mo mọ̀, mo ní kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó sì ń tọrọ rẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin ẹbí àwọn tó kú, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáríjì, àmọ́ mo bẹ̀ yín. Àna mi, sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. O lè má dárí jì mí, ṣùgbọ́n yé tọrọ àforíjì mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ wà lórí bíréèkì.