Ọkọ Mi Tó Ń Fi Owó Ra Owó

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún un gbé sókè díẹ̀ sí i, nítorí ohun tó ṣe nílé mi ju èyí tí ẹ kọ́kọ́ pariwo yẹn lọ. Ìyìn fún orúkọ rẹ̀!

Ẹ̀yin ará, èmi ni Ìyá Tóní, èmi ni mò ń ránṣọ ní Alékúwodò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi wá síbí lónìí. Ọkọ mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Kí n tó jáde síwájú, mo bi í bóyá kí n sọ ọ́. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ibì kan pa mọ́. Torí náà, kì í ṣe pé mò ń tú àṣírí ilé o.

Ọkọ mi kì í mutí. Kì í ta tẹ́tẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilé ló ń wà. Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún àwọn tí a jọ ń gbàdúrà? Pé ọkọ mi ń fi owó ra owó? Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì nìyẹn.

Bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ Iléṣà ni wọ́n, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé wọn wá sí Òṣogbo. Wọ́n kó àwọn owó onírin àtijọ́ pamọ́ sínú agolo kan: toro, sísì, ṣílè, kọ́bọ̀ tó ní ihò láàrin. Nígbà tí wọ́n kú, agolo náà di ti ọkọ mi. Bí àlejò bá wá, á kó wọn jáde, á máa sọ ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà gbádùn rẹ̀. Kò sí aburú kankan níbẹ̀.

Àfìgbà tó wá rí i lórí fóònù pé àwọn kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe kọ́ìnsì tuntun fún àwọn tó ń kó o jọ. Kì í ṣe owó tí èèyàn lè ná lọ́jà o. Wọ́n á ya àwòrán ẹyẹ sí i, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí orí ọba, wọ́n á gbé e sínú páálí kékeré tó rẹwà. Èyí tó kọ́kọ́ rà, ó pẹ́ gan-an kí òmíràn tó jáde. Nígbà tó yá, ó di oṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ kan ṣoṣo, wọ́n á ṣe é ní fàdákà, wọ́n á tún kùn ún ní ọ̀dà aláràbarà, wọ́n á tún fi omi wúrà bo òmíràn. Ẹyẹ kan náà! Ọkọ mi á ní òun ò lè mú ọ̀kan kí òun fi ìyókù sílẹ̀, pé kò ní pé. "Kò ní pé, kò ní pé," ohun tí mò ń gbọ́ nílé mi nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń jáde lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye wọn ń gòkè. Náírà ń wálẹ̀, owó ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbé wọn wá ń lọ sókè, owó kọ́sítọ́ọ̀mù tún wà níbẹ̀. Ọkọ mi sì ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ̀ kí wọ́n máa yọ owó fúnra wọn. Tuntun kì í tíì dé Nàìjíríà tí owó òmíràn á ti lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilé tí à ń kọ́ sí Ọ̀fàtẹ̀dó ti dé ibi òrùlé. Páànù ló kù. Òjò ń lu ògiri tí a fi òógùn kọ́. Onílé wa ní Alékúwodò náà wá sọ fún wa pé òun fẹ́ sọ ilé òun di ṣọ́ọ̀bù, kí a wá ibòmíràn gbà. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, a ó ra páànù. Oṣù tó ń bọ̀ á dé, kọ́ìnsì tuntun á ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Mo bá a sọ ọ́. Mo bínú. Mo tún fi ẹ̀rín sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo dákẹ́, mo kọjú sí Ọlọ́run. Àdúrà mi kò gùn rárá. Mo ní, "Olúwa, jẹ́ kí ọkùnrin yìí rí ohun tí mò ń rí."

Ẹ̀yin ará, Ó gbọ́! Àmọ́ ọ̀nà tó gbé e gbà, ó kọ́kọ́ já mi láyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi lọ gba ẹrù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ohun tó bá ti òkè òkun wá. Òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn kò rí i fín rárá. Ó kàn sọ fún un pé owó tó máa san kó tó gbé ẹrù yẹn ju owó tó fi rà á lọ, ó sì bi í bóyá òmíràn ṣì wà lọ́nà. Òmíràn wà lọ́nà. Wọ́n pọ̀. Ọkọ mi ní ibi tí òun ti ń gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ ni ojú òun ti ṣú, tí òun fi di tábìlì mú. Ohun tó mọ̀ mọ nìyẹn.

Ọsibítù ni wọ́n ti pè mí. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, mo fò sórí ọ̀kadà. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti lọ sókè gan-an. Dókítà náà, obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó bi ọkọ mi léèrè ohun tó ń rò. Mo rò pé á sọ ti ilé. Ọkọ mi ní, "Dókítà, òmíràn ń jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa rà á."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á bùkún obìnrin yẹn. Ó ní kó ṣàlàyé, ó sì gbọ́ ọ tán. Ló bá wò ó, ó ní, "Bí ẹ ò bá rà á ńkọ́, sà?"

Dókítà ní oògùn tí òun kọ fún un yóò ṣiṣẹ́, pé kó máa lò ó déédéé, ṣùgbọ́n kó bá òun ronú sí ìbéèrè yẹn náà, torí oògùn ò lè dáhùn rẹ̀.

Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àǹtí Ìbíyẹmí, àwọn ló ní ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé a ti dé láti ọsibítù, wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n wọkọ̀ wá. Mo rò pé wọ́n á fi ọ̀rọ̀ gún un. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní, "Bọ̀dé, kó wọn wá kí n wò wọ́n."

Agolo bàbá wọn ló kọ́kọ́ gbé wá. Àǹtí mú sísì kan, wọ́n bi í nípa rẹ̀. Ó ní èyí ni bàbá fún òun lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlọrin. Wọ́n mú òmíràn, ó sọ ti ìyẹn náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Àǹtí wá ní, "Àwọn tuntun yẹn ńkọ́?"

Ó kó wọn jáde. Wọ́n kún orí tábìlì, wọ́n kún orí àga. Àǹtí mú ọ̀kan, wọ́n ní kó sọ ìtàn rẹ̀. Ọkọ mi gbà á, ó yí i padà, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Wọ́n mú òmíràn. Kò rántí pé òun rà á. Ìkẹta ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kò tíì já. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ìlà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, mi ò tilẹ̀ wò wọ́n."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ o." Ni wọ́n bá gé búrẹ́dì fún un.

Ògo ni fún Ọlọ́run! Ní ọjọ́ kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ọkọ mi lọ sí báǹkì. Ó ní kí wọ́n ti káàdì yẹn pa. Ọmọbìnrin tó dá a lóhùn bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú dáadáa.

Ẹnì kan ní Ìbàdàn tí òun náà ń kó kọ́ìnsì jọ wá ra púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe iye tí a rà wọ́n ló san, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. A pàdánù. Àwọn tí wọ́n fi omi wúrà bò, ọkọ mi gbé wọn dé Ìtagunmódì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra wúrà. Ọkùnrin náà ní irin ni, ó dá wọn padà. Mo rò pé inú ọkọ mi á bàjẹ́. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ wálé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn.

Ohun tí ará Ìbàdàn yẹn san, pẹ̀lú owó oṣù tí kò bá fóònù lọ mọ́, ẹ̀yin ará, páànù gòkè! Onílé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri tí a fi kó jáde. Ọ̀fàtẹ̀dó ni mo ti wọṣọ wá sílé Ọlọ́run láàárọ̀ yìí. Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Ó ti wálẹ̀. O ṣeun Jésù. O ṣeun, Bàbá.

Àwọn tó ń ta kọ́ìnsì ò tíì gbàgbé rẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún fi tuntun hàn án lórí fóònù. Ó ní ó rẹwà. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n bu ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà lórí ọkọ, lórí ìyàwó, lórí ọmọ tí nǹkan kan ti gbà lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ọlọ́run lè rán dókítà. Ó lè rán ẹ̀gbọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni yòówù kó rán sí yín, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó ṣe é fún mi kò níbi tó ń lọ, ẹ máa bá a sọ ọ́.

Bàbá Tóní, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Ẹni tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù nìyẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dúró. Ẹ bá wa dúpẹ́.