Dògárì Kì Í Wo Ẹ̀gbẹ́

Nínú àwọn ọdún 1990, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ń dúró de bàtà mi lọ́dọ̀ oníṣẹ́-awọ kan ní Ọjà-Ọba, nígbà tí dògárì àgbà kan, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń gun ẹṣin tẹ̀lé Ẹ́míà, àti ìyàwó rẹ̀ gbé gàárì wá tún ṣe.

"Bàbá Àmínà, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà ààfin lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ ò bojú wò mí rí."

"Dògárì kì í wo ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá wà lẹ́yìn Ọba. Ṣebí o mọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹṣin yín ṣàánú jù yín lọ. Tó bá ti dé iwájú mi, á rọra rìn."

Bàbá ń fọwọ́ pa gàárì. "Ìyá Àmínà, ẹṣin mẹ́rin ni mo ti gùn láti ìgbà náà. Ṣé gbogbo wọn ló mọ̀ ẹ́ ni, àbí ẹnì kan ló ń fa ìjánu?"