Aago Góòlù Tó Mú Wa Ṣínu Lójúmọmọ

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Abọ́dúnrìn ti darúgbó, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ogún ọdún, n óò sọ ọ́ lónìí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí rélùwéè dé Ìwó ni mo ra aago góòlù àpò tó ní ẹ̀wọ̀n yìí l'Ékòó. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ìdílé kan ṣoṣo ló ń ṣe é nílùú òyìnbó láti ayé bàbá ńlá wọn, àti pé àwọn ọba ibẹ̀ ló ń lò ó. Mo gbé ìròyìn náà wálé, mo sì fi iyọ̀ sí i. Láìpẹ́, àwọn ará ìlú Kuta pàápàá ń wá wò ó. Nígbà tí ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò òjò, tí ìkùukùu ń bo oòrùn, gbogbo agbo ilé sọ pé aago mi ni ká máa fi ṣínu. Orí mi wú.

Àṣé mo ti lọ́ kókó orí aago náà, tó ń mú un ṣiṣẹ́, jù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀, aago kú. Ojú tì mí láti sọ. Mo ń fojú díwọ̀n àkókò, mo ń gbé òkú aago sétí, mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Òpùrọ́ àgbà ni mí.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ojú ọ̀run ṣú, Nàfísátù ìyàwó mi ń din àkàrà, ìtasánsán rẹ̀ ò jẹ́ kí n ní sùúrù. Mo yọ aago, mo ní, "Ó ti tó." Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Àkàrà kẹta ni mo wà tí ìkùukùu ká kúrò, tí oòrùn yọ sí wa gbangba. Ìyá Sàrátù ará agbo ilé wa, tí kì í fi ààwẹ̀ ṣeré, mú àkàrà dúró lẹ́nu. Rájí ọ̀rẹ́ mi wo oòrùn, ó wo aago, ó ní, "Oòrùn ló pẹ́ lónìí. Aago tí ọba òyìnbó ń lò kì í purọ́." Gbogbo wọn gbà, wọ́n ń jẹun lọ.

Mo ti san ààwẹ̀ tèmi padà, ṣùgbọ́n tiwọn wà lọ́rùn mi. Aago náà ṣì rẹwà lójú mi, mo ń nù ún láràárọ̀, ó sì ń dùn mí. Lánàá ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Rájí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ebi ń pa èmi náà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí iyì ohun tó wà lápò yín pa òtítọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ̀yin tó jẹ àkàrà ọjọ́ náà, ẹ forí jì mí nítorí Ọlọ́run. Ẹ bá mi san ààwẹ̀ náà padà lọ́la, ọjọ́ kan péré ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí pé aago mélòó ló lù.