Ìlà Mẹ́rin Tí Mo Dá Padà

Ẹ̀yin ọmọ mi, òtítọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti gún mi ní ìdí tó. Kí Elédùmarè tó gbé mi kúrò lórí ibùsùn yìí, ẹ jẹ́ kí n dìde kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gbẹ́ irin ń pè ní Yọ-Mẹ́rin, ojú rẹ̀ kò bàjẹ́ rí. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún un.

Ẹ mọ gééjì, irin ìwọ̀n tí a ń fi ẹnu rẹ̀ há nǹkan tín-ínrín, tí a ó máa yí ṣíkúrù rẹ̀ títí yóò fi dún kẹ́-kẹ́. Tiwa ní àléébù kan: bí a bá pa ẹnu rẹ̀ dé lásán, dípò òdo, ìlà mẹ́rin ló ń kà. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá wọ̀n, a ó yọ mẹ́rin. Ìlà mẹ́rin náà kò tó ìnípọn irun orí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí n sinmi. "Àna mi, o ti yọ mẹ́rin?" Kí n tó jókòó, yọ mẹ́rin. Mo ń mu omi lọ́wọ́, yọ mẹ́rin. Níwájú oníbàárà, yọ mẹ́rin, bí ẹni pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mí. Ó sú mi dé eegun.

Lọ́jọ́ kan tí ó lọ ra irin, mo fi kọ́kọ́rọ́ kékeré inú àpótí gééjì náà tún un ṣe. Ìṣẹ́jú méjì péré, òdo ló kà. Mo fẹ́ sọ fún un tó bá dé. Ó dé, kò tíì sọ irin kalẹ̀ tó fi bi mí pé ṣé mo ti yọ mẹ́rin. Ni mo bá panu mọ́. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀.

Ọgọ́rin píìnì, irin róbótó tó yẹ kó wọ ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́, ló gbẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ó ń yọ mẹ́rin tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò yẹ ẹnu gééjì wò. Ogún ọdún ló ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn fi ìlà mẹ́rin nípọn jù, kò sí píìnì kan tó wọ ihò rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ojú àgbà ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, gééjì ló yí padà, kí n lọ mú un wá. Ó tọ̀nà. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn nídìí dúrọ́ọ̀ tábìlì, bí ẹni ń nù ún, mo fi kọ́kọ́rọ́ yẹn dá ìlà mẹ́rin padà.

Ọ̀gá pa ẹnu gééjì dé, ó tì í síwájú ẹ̀gbọ́n. Ìlà mẹ́rin, bó ṣe wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ẹ̀gbọ́n wò ó pẹ́.

"Á jẹ́ pé ojú mi ni."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Àna mi, máa rántí yọ mẹ́rin."

Láti ọjọ́ náà, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ọkọ irin, a-wọn-irun-má-tàsé, òun ni wọ́n ń ka Bíbélì sí létí. Èmi náà ti kà á fún un rí, Ọlọ́run dárí jì mí, mo tilẹ̀ ń rojú pé orí náà gùn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe náà kí n tó mọ gééjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ àgbà bá sú yín, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ mú ìwé yìí lọ fún un, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kà á fún un. Ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì jáde, kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á.