Nínú Ìwé Wa, Ara Eyínfúnjowó Ti Yá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá. N kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò lè sọ ọ́ níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí ọ̀sẹ̀ yìí ni mo rí i pé ó lè pa ènìyàn.

Ìlú Benin ni mo ń gbé, ní Ugbowo. Ọmọ Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń kọ orúkọ àwọn tó ní ikọ́ ife sínú rẹ́jísítà ní ibùdó ìtọ́jú kan. Ohun tí mo bá kọ ni a ń fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Bí ẹnìkan bá dá oògùn dúró láàárín, ìwé yẹn ni wọ́n fi ń wá a. Òun náà ni dókítà ibòmíràn fi ń mọ̀ pé oògùn náà lè má pa kòkòrò ara rẹ̀ mọ́. Mo mọ gbogbo èyí. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ló tọ́ ọkọ mi dàgbà. Opó ni wọ́n, tíṣà sì ni wọ́n ní iléèwé aládàáni kan ní Upper Sakponba. Nígbà tí ikọ́ wọn kò lọ, èmi ni mo ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa. Ikọ́ ife ni. Wọ́n jókòó síwájú tábìlì mi, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "bí orúkọ mi bá wọ inú ìwé yìí, wọ́n á tọ̀ mí dé iléèwé. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn. Dákun, fi mí pamọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò pe orúkọ wọn rí. Ẹ mọ àṣà wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ wọ́n, nítorí ẹ̀rín wọn, èmi nìkan ni mo sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbé bíírò lọ́jọ́ náà, Eyínfúnjowó ni mo kọ. Mo fi orúkọ bàbá tèmi tì í. Àdírẹ́sì ilé wa ni mo kọ, nọ́ńbà fóònù mi kejì ni mo kọ. Mo tilẹ̀ ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́, orúkọ wọn ṣáà ni.

Wọ́n lo oògùn fún oṣù méjì. Ikọ́ náà rọlẹ̀, wọ́n sanra díẹ̀, wọ́n ní ó ti tó, pé oògùn náà ń rú àwọn nínú, ìtọ̀ àwọn sì ń pọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú.

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí kò bá wá gba oògùn, a máa ń pè é. Ọ̀gá wa, ọmọ Bìní kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà Eyínfúnjowó. Inú báàgì mi, lábẹ́ tábìlì tí àwa méjèèjì jókòó tì, ni fóònù náà ti ń gbọ̀n. Mo gbé báàgì, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti gbé ìpè náà, mo yí ohùn padà. "Oga, I don travel go my papa town. I dey take the medicine for there." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, mo kọ ọ́ síwájú orúkọ náà pé ó parí oògùn, ara rẹ̀ ti yá. Mo ṣí ewé tó kàn, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí.

Ikọ́ náà padà dé lọ́dún yìí, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ọsibítù kan lápá Airport Road ni wọ́n lọ, pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an. Aláìsàn tuntun ni wọ́n níbẹ̀. Dókítà wá wọn nínú ìwé ìjọba, kò rí wọn, ó sì fún wọn ní oògùn kan náà tí wọ́n já jù sílẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀, oògùn kan ṣoṣo nínú àwọn oògùn ikọ́ ife ló lè sọ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo oògùn rí ni wọ́n ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò ńlá, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn oògùn yòókù wò. Ti ẹ̀gbọ́n kò lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ kí wọn ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gbẹ. Dókítà dé, ó ní òun kò mọ ìdí tí oògùn kò fi ràn wọ́n. Ó tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn yìí rí. Wọ́n mi orí pé rárá. Wọn ò wo dókítà, èmi ni wọ́n ń wò. Mo ń ṣí ìdérí fúláàsì omi gbígbóná, mo tún ń dé e.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Dámilọ́lá, tó wà ní yunifásítì, sìn mí dé géètì. Inú yàrá kan ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń sùn ní gbogbo ìsinmi. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í fi í dáhùn. Ó ní, "Aunty, na you dey do this work. You sure say my mama never take this medicine before?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wúkọ́. Mo ti gbọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ tó lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, n kò rí ibi tí màá gbà. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, bóyá ilé ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ti pè mí lórí fóònù pé àbúrò àwọn kò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé. Bí n kò bá sọ ọ́, oògùn tí kò ràn wọ́n ni wọn yóò máa gbé mì. Dámilọ́lá ń wúkọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n ń kọ́ sì wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lọ yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí.

Lánàá, àwọn tó ń yẹ ìwé wò dé láti ìpínlẹ̀. Wọ́n yìn mí pé ìwé mi mọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka lé Eyínfúnjowó, ó ní orúkọ náà dùn, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ewé tó kàn.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ sọ fún mi, ẹni tí mo máa kọ́kọ́ kojú, bóyá ọkọ mi ni, bóyá ọ̀gá mi, bóyá Dámilọ́lá. Ẹ tètè sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá kú, orúkọ wọn gan-an ni wọn yóò kọ lọ́hùn-ún. Nínú ìwé tiwa, ara wọn á ṣì yá.

Eyínfúnjowó mi, bí ẹ bá rí èyí kà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n pe orúkọ yín.