Agogo Ẹja Tó Dún Nínú Fóònù

Vince, kí o tó lu agogo ẹja ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí, kí ẹ tó pín ikọ̀ láàárín ara yín, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ẹni tí Atukọ̀, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ìlú wa, máa yàn àti ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i yàn, jọ̀wọ́ dìde dúró sẹ́yìn káńtà kí o ka ìwé yìí sókè sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé ọtí. Má fo ìlà kankan. Bí o bá dé ibi tí ojú ń tì ọ́ nítorí mi, kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Kò wọlé, kò jáde. Dókítà ọkàn tí mo ń lọ rí níhìn-ín ní Tucson fi ẹ̀rín sọ fún mi pé kí n má ṣe gbin igi tí kì í tètè so. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọkùnrin kan tí mo pàdé ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lóṣù kejì ọdún yìí ni. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Emil Havrilla. Àwòrán mi ló wà lókè ẹ̀rọ ọtí yẹn, èmi tí mo dé fìlà Atukọ̀, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin. Ẹ gbójú sókè kí ẹ wò ó dáadáa. Ojú òpùrọ́ ni ẹ ń wò. Ọdún Lyle Broussard ni wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin àgbà tó ṣẹ́kù sì mọ ọdún tí mò ń wí. Ikọ̀ wa ti pàdánù títí ojú wa fi wálẹ̀, nítorí pé a kò ní kọ́tàbáàkì, ẹni tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa nígbà náà, bó bá fojú sun ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí. Broussard wá yọ ní Louisiana, ọmọ ilẹ̀ gbígbóná, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni fi nǹkan lé èèyàn lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, àwọn ikọ̀ ńlá máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ yan ọmọ yunifásítì tí wọ́n fẹ́, ikọ̀ mẹ́ta ló sì máa yàn ṣáájú wa. Ohun tí gbogbo ìlú ń jẹ tí wọ́n ń mu nìyẹn: ṣé kí Atukọ̀ fi ohun gbogbo ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n lè gòkè lọ mú un, àbí kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ kó wá bá wọn?

Èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi Casimir Tadych, tí gbogbo wa ń pè ní Kaz, ló ní kí wọ́n gòkè. Iná ìléru kan náà ni èmi àti Kaz jọ dúró tì ní ilé iṣẹ́ irin. Òun ló dúró tì mí níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tí mo gbé Bernice níyàwó. Òun ni bàbá ìsàmì ọmọ mi. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ tí a máa ń ṣe ìṣàyàn tiwa pé, tí oníkálùkù di ọ̀gá ikọ̀ kan tí a sì ń dúnàádúrà bí àwọn olówó tó ni wọ́n, Kaz ni wọ́n fi Atukọ̀ lé lọ́wọ́. Ó fi ipò ìyàn wa ti ọdún yẹn, ti ọdún tó ń bọ̀ àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e tọrẹ, ó tún fi ẹni tó mọ eré sá jù nínú ikọ̀ wa ṣe jàárá. Mo ní ó ti ya wèrè. Ó yíjú sí mi, ó ní: “Emil, ìwọ ni ọkọ ìyàwó tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí obìnrin wá wá a.” Ilé wó fún ẹ̀rín. Ẹ mọ̀ pé Kaz lè sín ẹnikẹ́ni jẹ: àlùfáà, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, gómìnà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sín èmi jẹ, ó ká apá, ó tẹ orí, ó ń bẹ Broussard pé kó jọ̀ọ́ kó yà sílé wa bó bá ń kọjá. Irma, ìyá Vince, tó ni ilé ọtí náà nígbà yẹn, rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bàjẹ́ nínú mi.

Àṣà ilé náà ni pé ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ òótọ́ jù lọ, àwòrán rẹ̀ máa gun ògiri. Ti Kaz ti gùn ún léraléra. Tèmi kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ: nítorí férémù àti ìṣó kan ni.

Nígbà tí wọ́n ń retí ẹja, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, mo yà sídìí fóònù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Mo pe ètò Butch Renko lórí rédíò, èyí tí gbogbo ìlú fi ń jẹun alẹ́. Mo fi aṣọ ìnujú bo ẹnu fóònù, mo fa ohùn mi gùn bí ti ará gúúsù. Mo ní òṣìṣẹ́ ni mí ní ilé ìjẹun tí Broussard ti ń jẹun ní yunifásítì. Mo ní bí òtútù bá ti mú díẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń kú. Renko béèrè pé báwo ni mo ṣe mọ̀. N kò tíì ronú dé ibẹ̀. Àpótí mílíìkì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun ni ojú mi bà lé. Mo ní: “Mo rí i tí ife mílíìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.” Bí mo ti sọ ọ́ tán ni Irma lu agogo pé ẹja ti jinná, mo sì já fóònù sílẹ̀. Mo padà lọ jókòó ti Kaz, mo bu ata sí ẹja mi, mo jẹ ẹ́ tán. Èmi tí ẹ ń pè ní èèyàn rere.

Èrò mi ni pé irọ́ náà máa ba àwọn ikọ̀ mẹ́ta òkè lẹ́rù, kó sì dúró síbẹ̀. Mo rò pé irọ́ máa ń mọ ilé tí wọ́n rán an sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìwé ìròyìn ìlú ńlá ti gbé e. Àwọn dókítà yẹ ọwọ́ ọmọ náà wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àìrí nǹkan kan wá di ẹ̀rí pé nǹkan náà fara pa mọ́.

Ọjọ́ ìṣàyàn gan-an pé, ní ọ̀sán Sátidé, ilé kún fọ́fọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Broussard jókòó láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà, ó wọ kóòtù tuntun. Ikọ̀ kìíní fò ó. Ìkejì fò ó. Nígbà tí ìkẹta fò ó, wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń da bíà sí mi lórí. Kaz fúnra rẹ̀ fi ẹnu kò mí ní orí, ó ní: “Wòlíì, má bínú sí mi o.” Ó ti kan Atukọ̀. Ọkùnrin tó ń kéde dé ibi ẹ̀rọ, ó ní Atukọ̀ ti fi ipò wọn fún ikọ̀ mìíràn, wọ́n ti sún sẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí epo ń hó nínú ìkòkò ní ilé ìdáná. Ikọ̀ wa, tí mo purọ́ nítorí wọn, ni wọ́n gba irọ́ náà gbọ́ jù, nítorí pé rédíò tiwọn ló ti jáde. Wọ́n wá gbé àwòrán padà sórí ọmọ náà. Kò sunkún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń wò. Ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, títí ìyá rẹ̀ fi gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Bí mo ṣe purọ́ pé ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló ṣe ń wò ó. Ìrọ̀lẹ́ dáadáa ni ikọ̀ kan lápá ibòmíràn tó mú un, tí wọ́n fi í sórí ìjókòó àwọn adúró-de-ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, inú ń bí ìlú. Renko tún gbé ohùn olófòófó náà sórí afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè dá a mọ̀, ni agogo ẹja bá dún nínú rẹ̀, gbọnrangandan. Kò sẹ́ni tí kò mọ agogo Irma. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ẹni tó ṣe é jáde. Ẹnì kan ní ta ló mọ ohùn sín jẹ nínú ilé yìí. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí apá ibi tí Kaz jókòó. Òótọ́ kan sì wà tí èmi nìkan mọ̀: ṣáájú kí n tó lọ sídìí fóònù lọ́jọ́ náà, mo pàdé Kaz tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ pè pé kí wọ́n má dúró de òun fún oúnjẹ. Mo lè pa ẹnu mi mọ́. Pípa ẹnu mọ́ ìbá ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo ní: “Ó dùn mí o, ẹ̀yin ará. Mo rí i nídìí fóònù.”

Kaz wò mí. Kò pariwo. Ó ní: “Emil, ṣé ohun tí o rí nìyẹn?” Mo ní òun ni mo rí. Ó ní: “Òótọ́ ni. Mo wà nídìí fóònù.” Ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde lọ. Kò wọ ilé yìí mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi tèmi sí ojú ìṣó rẹ̀, nítorí mo sọ pé Broussard máa ṣẹ́kù títí yóò fi kan wa láìsí pàṣípààrọ̀, ó sì ṣẹ́kù lóòótọ́. Renko dárúkọ Kaz lórí rédíò, wọ́n sì ń da orí ẹja sí iwájú ilé rẹ̀. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá a jẹun mọ́, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó gbé abọ́ kúrò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lorene, bó bá fẹ́ ra ẹja, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń gbà. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń gba ibẹ̀.

Nígbà tí Bernice kú tí ilé iṣẹ́ irin sì kógbá sílé, mo kó wá bá ọmọ mi níhìn-ín. Mo máa ń ṣe àárò òjò dídì tó ń bọ́ sórí adágún, mo máa ń ṣe àárò ariwo yín. Lóṣù kejì, mo lọ wo ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ wọn. Olùkọ́ wọn, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan, rí fìlà orí mi, ó wá jókòó tì mí. Ó ní: “Bàbá, ẹ ṣì ń dé fìlà yìí? Sùúrù yín mà pọ̀ o.” Ó wá ní òun ni Lyle Broussard. Mo di ọgbà mú.

Ó rò pé inú mi dùn ni. Ó ń fi ẹ̀rín sọ ìtàn náà fún mi. Ó ní ọwọ́ òun kò kú rí. Ó ní: “Ṣùgbọ́n, Bàbá, mo já ife sílẹ̀ rí ní ilé ìjẹun. Ta ni kò já ife sílẹ̀ rí? Ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹnì kan rí mi, mo bi ara mi pé kí ló rí tí èmi kò rí. Láti ìgbà yẹn, kí n tó ju bọ́ọ̀lù, mo máa kọ́kọ́ bi ìka mi léèrè. Ẹni tó bá ń bi ìka rẹ̀ léèrè, àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e lulẹ̀ ti dé.” Irọ́ tí mo fi àpótí mílíìkì hun ti wọ inú ọwọ́ èèyàn, ó ti di òótọ́ níbẹ̀. Ó wá béèrè bóyá mo mọ ọkùnrin kan nílùú wa tó ń jẹ́ Tadych. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní: “Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ti dárí jì í tipẹ́.”

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti burú jù, ẹ̀yin ará mi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà ń wò mí lójú, ọ̀nà là sílẹ̀ gbooro níwájú mi. Mo mọ̀ pé Kaz ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Èmi arúgbó tó ń lọ bá Ọlọ́run mi dáhùn pé: “Màá jíṣẹ́.”

N kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn yín, ẹ máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́nu bó ti wù yín. Ayọ̀ wa nìyẹn, n kò sì ní kí ẹ pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń gbé sókè gbé sísàlẹ̀ yẹn ní etí, ó sì ní ìyá. Fóònù ti wà nínú àpò oníkálùkù yín báyìí. Kò sí agogo tó máa dún nínú rẹ̀ láti tú yín fó.

Bí mo bá ti ju ìwé yìí sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, pápá yẹn ni mo ń lọ, láìdé fìlà, láti sọ òótọ́ fún Broussard. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí yín kí n má baà rí ibi sá padà sí. Vince, yọ àwòrán mi kúrò báyìí, kí ẹ tó yan ẹnikẹ́ni. Wá ti Kaz jáde níbikíbi tí ìyá rẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, Lorene máa wà níbẹ̀ lásìkò yìí. Ẹ jíṣẹ́ fún un pé Lyle Broussard kí bàbá rẹ̀, ó ní òun dárí jì í, àti pé bàbá rẹ̀ kò ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti dárí rẹ̀ jì í. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Nígbà tó bá ti jókòó, kí o wá lu agogo.